Èrò Ìjìnlẹ̀ Lórí Ẹ̀kọ́ àti Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Kọ Ìlànà Tirẹ̀ Sílẹ̀

Ohun tí ìlànà olùkọ́ jẹ́

Ìlànà olùkọ́ ni ohun tí olùkọ́ gbà gbọ́ nípa ọmọ, nípa ìmọ̀ àti nípa iṣẹ́ ara rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tó ń gbà fi ìgbàgbọ́ náà ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì. Kò sí olùkọ́ tí kò ní in. Ẹni tó bá wọlé láàárọ̀, tó ní kí àwọn ọmọ ṣí ìwé kí wọ́n sì da ohun tó wà lójú pátákó kọ, ti fi hàn pé lójú òun, ọwọ́ olùkọ́ ni ìmọ̀ wà, iṣẹ́ ọmọ sì ni láti gbà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀nà ilé-ìwé, tó sì ti ibẹ̀ wọnú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, ìgbàgbọ́ mìíràn ni tirẹ̀. Olùkọ́ tó bá ti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì tún un ṣe. Èyí tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ yóò kàn máa kọ́ni bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ìwé ìlànà kì í gùn. Ojú ewé kan tàbí méjì ti tó. Wọ́n lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí ní yunifásítì, wọ́n sì lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tó wúlò jù ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú: ọmọ kan kò ṣe àṣetiléwá lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, òbí kan fẹ́ kí ọmọ òun fo kíláàsì kan, ọ̀gá ilé-ìwé ní kí sílébọ́ọ̀sì parí nígbà tí ìdajì àwọn ọmọ kò tíì lóye orí kejì. Olùkọ́ tó mọ ohun tó gbà gbọ́ yóò mọ ibi tí yóò dúró sí.

Ìbéèrè mẹ́rin ni gbogbo èrò ìjìnlẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ń dáhùn. Irú ẹ̀dá wo ni ọmọ? Ìmọ̀ wo ló tọ́ sí i? Ta ló yẹ kó máa darí ẹ̀kọ́? Kí ni àwùjọ yóò rí gbà lọ́wọ́ ẹni tí a kọ́? Ìdáhùn kò dọ́gba láti orí èrò kan sí òmíràn. Kí ìyàtọ̀ náà lè hàn, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni orí yìí yóò fi yẹ èrò márùn-ún wò: ẹ̀kọ́ ìdá nínú ìṣirò, ìyẹn 1/2 àti 1/4, ní kíláàsì kẹta ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Èrò márùn-ún tó yẹ kí olùkọ́ mọ̀

*Èrò òtítọ́ ayérayé.* Àwọn tó di èrò yìí mú gbà pé òtítọ́ kan wà tí kì í yí padà láti ìran dé ìran, àti pé kí ọmọ lè fi làákàyè ara rẹ̀ dé ibẹ̀ ni a ṣe ń kọ́ ọ. Gbòǹgbò rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́. Nínú àwọn ìwé Plato, Socrates a máa fi ìbéèrè tẹ̀lé ìbéèrè títí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ yóò fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ti tako ara. Ní Amẹ́ríkà, Robert Hutchins àti Mortimer Adler gbé èrò náà dìde ní Yunifásítì Chicago. Ní 1982, Adler tẹ ìwé kan jáde tó fi bẹ̀bẹ̀ pé kí irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ olówó náà tọ́ sí gbogbo ọmọ. Olùkọ́ tó gba èrò yìí yóò béèrè ìdí tí 1/4 fi kéré sí 1/2 nígbà tó jẹ́ pé 4 ju 2 lọ. Kò ní sọ ìdáhùn. Yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ jiyàn títí wọn yóò fi rí i pé bí àwọn tó ń pín nǹkan bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Ọ̀nà yìí ń la ọpọlọ, àmọ́ ó gba àkókò, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì lè fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ẹlẹ́nu.

*Èrò ìmọ̀ kòṣeémánìí.* Èyí sọ pé àwọn ìmọ̀ kan wà tí ọmọ kò gbọdọ̀ kúrò nílé-ìwé láì ní: ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn. Ní 1938, William Bagley àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ohùn wọn sókè pé ilé-ìwé ti ń fi ìmọ̀ wọ̀nyí tàfàlà. Èrò yìí ló sún mọ́ ìṣe ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Nàìjíríà jù lọ, níbi tó jẹ́ pé sílébọ́ọ̀sì àti ìdánwò WAEC ló ń darí ohun tí olùkọ́ ń kọ́. Nínú ẹ̀kọ́ ìdá, olùkọ́ yóò kọ ìlànà sójú pátákó, yóò ṣe àpẹẹrẹ mẹ́ta, àwọn ọmọ yóò ṣe mẹ́wàá, ìdánwò kékeré yóò sì tẹ̀lé e lọ́jọ́ Ẹtì. Oore ńlá wà níbẹ̀, pàápàá fún ọmọ tí kò sí ẹni tó lè kàwé nílé wọn, nítorí ilé-ìwé nìkan ni yóò ti rí ìmọ̀ yẹn gbà. Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ lè mọ bí a ṣe ń ṣe é láì mọ ìdí, bí wọ́n bá sì yí ìbéèrè náà padà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dá.

*Èrò ìrírí ọmọ.* Ìwé tí Jean-Jacques Rousseau gbé jáde ní 1762 lórí títọ́ ọmọ kan tó pè ní Émile jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orísun rẹ̀. John Dewey ló mú un wọ kíláàsì nígbà tó dá ilé-ìwé àyẹ̀wò sílẹ̀ ní Chicago ní 1896, níbi tí àwọn ọmọ ti ń dáná, tí wọ́n ń hun aṣọ, tí wọ́n sì ń ti inú iṣẹ́ náà kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1907, Maria Montessori ṣí ilé àwọn ọmọdé ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù kan ní Róòmù. Ó ṣètò ohun èlò tí ọmọ yóò fi ọwọ́ tò, tí yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí àṣìṣe rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó ń jẹ́ Montessori kárí ayé ló ti ibẹ̀ gba orúkọ. Olùkọ́ tó ń tẹ̀lé èrò yìí yóò gbé gààrí àti kóńgò wá sí kíláàsì. Àwọn ọmọ yóò wọn ìdajì kóńgò, wọn yóò tún ìdajì náà pín sí méjì, wọn yóò sì fi ojú rí 1/4 kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ewu ibẹ̀ ni eré lásán. Dewey fúnra rẹ̀ kìlọ̀ ní 1938 pé kì í ṣe gbogbo ìrírí ló ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ náà ń lọ.

*Èrò àtúntò àwùjọ.* Ní 1932, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wó lulẹ̀, George Counts bi àwọn olùkọ́ bóyá ilé-ìwé láyà láti kọ́ àwùjọ tuntun. Ní Bùràsíìlì, Paulo Freire fi èrò tó sún mọ́ èyí kọ́ àgbàlagbà ní ìwé. Ní ìlú Angicos, ní 1963, nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́ kọ́ láti kà àti láti kọ láàárín nǹkan bí 40 wákàtí, nítorí pé inú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ìgbésí ayé wọn ni wọ́n ti mú àwọn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n ti Freire mọ́lé, ó sì lọ sí ìgbèkùn. Freire lòdì sí ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ti ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú orí ọmọ bí ẹni ń kówó sí báńkì. Ẹ̀kọ́ ìdá lábẹ́ èrò yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjà: kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, ìdá mélòó nínú gààrí ni ẹni tó ra ọjà ń pàdánù? Àwọn ọmọ yóò wọn ọ́n, wọn yóò ṣírò rẹ̀, wọn yóò sì jíròrò ohun tó yẹ kí aráàlú ṣe. Àmọ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má gbé èrò ìṣèlú tirẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ lọ́rùn.

*Èrò òmìnira ọmọ.* Èyí gbà pé ọmọ gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà tirẹ̀ kó lè di ẹni tó ń dá dúró. A. S. Neill dá ilé-ìwé Summerhill sílẹ̀ ní 1921, ilé-ìwé náà sì fìdí kalẹ̀ ní England nígbẹ̀yìn. Níbẹ̀, wíwọ kíláàsì kì í ṣe dandan, ìbò ọmọ àti ìbò olùkọ́ sì dọ́gba nínú ìpàdé ilé-ìwé. Nínú kíláàsì wa, olùkọ́ lè gba díẹ̀ nínú rẹ̀: ọmọ kan ká bébà sí mẹ́rin, òmíràn pín ẹ̀pà, ẹ̀kẹta ṣe iṣẹ́ inú ìwé, oníkálukú sì sọ ìgbà tó ti ṣe tán láti fi ohun tó mọ̀ hàn. Ó dára fún ìgboyà. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè yan ohun tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, nítorí náà ọwọ́ olùkọ́ kò lè kúrò pátápátá.

Kò sí olùkọ́ rere tó ń lo ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Síbẹ̀, kíkó gbogbo wọn pọ̀ kì í ṣe ìlànà. Ẹni tó kọ ọ́ pé ọmọ ni yóò máa darí ẹ̀kọ́, tó tún kọ ọ́ pé sílébọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ parí ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, gbọ́dọ̀ sọ èyí tí yóò juwọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí méjèèjì bá kọlu ara.

Ohun tí ilẹ̀ Yorùbá ní láti fi kún un

Ilẹ̀ Yorùbá ti ń kọ́ ọmọ kí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì tó dé Bàdágìrì. Àlọ́ àpamọ̀ ń pọ́n ọpọlọ, àlọ́ àpagbè ń kọ́ni ní ìwà, ayò títa ń kọ́ni ní kíkà àti ìrònú ṣíwájú, oríkì ń so ọmọ mọ́ ìtàn ìdílé rẹ̀. Nínú ìwé tó kọ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ní 1974, Babs Fafunwa to àfojúsùn ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ Áfíríkà sí méje: agbára ara, ìwà, ọ̀wọ̀ fún àgbà, òye, iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìfẹ́ sí iṣẹ́ òótọ́, kíkópa nínú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ìlú, àti mímọ àṣà ẹni. Ọmọlúàbí ni ẹni tí gbogbo rẹ̀ pé sí lára. Nínú ètò yìí, ìwà kì í ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n fi kún tábìlì àkókò. Inú gbogbo ẹ̀kọ́ ló wà.

Iṣẹ́ kíkọ́ ni ibi tí ọgbọ́n ìkọ́ni Yorùbá ti hàn jù. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ yóò kọ́kọ́ gbá ṣọ́ọ̀bù, yóò máa wo ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi òwú sí abẹ́rẹ́, tí yóò máa gán etí aṣọ, tí yóò máa rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Gígé aṣọ ló ń gbẹ̀yìn, nítorí aṣọ tí wọ́n bá gé bàjẹ́ kò ṣeé lẹ̀ padà. Ọ̀gá á máa dín ìrànlọ́wọ́ kù bí ọwọ́ ọmọ bá ṣe ń mọ́. Lev Vygotsky, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó kú ní 1934, kọ ohun tó bá èyí mu: ohun tí ọmọ lè ṣe lónìí pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ni yóò lè dá ṣe lọ́la, àárín méjèèjì sì ni ẹ̀kọ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ àléébù wà nínú iṣẹ́ kíkọ́ náà. Ọ̀gá mìíràn kì í fẹ́ kí ọmọ béèrè ìdí, òmíràn a sì fi iṣẹ́ ilé gba ọdún lọ́wọ́ ọmọ. Olùkọ́ yóò mú ètò rẹ̀, yóò fi àléébù rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ Yorùbá méjì fi ìlànà wọn hàn nínú iṣẹ́, kì í ṣe lórí bébà nìkan. Tai Solarin dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Ó gbà pé ẹni tó kàwé gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń roko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n sì ń lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé tí wọ́n ń lò. Ní 1967, Ààrẹ Julius Nyerere gbé èrò tó jọ ọ́ kalẹ̀ fún gbogbo ilé-ìwé Tàǹsáníà. Fafunwa ní tirẹ̀ gbà pé èdè tí ọmọ fi ń ronú ló yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọ. Ní 1970, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀wọ́ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan; ọ̀wọ́ kejì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ mẹ́fà láti kọ ìlànà ara ẹni

1. *Rírántí.* Kí olùkọ́ kọ nípa olùkọ́ kan tó ṣe é lóore nígbà èwe àti òmíràn tó pa á lára, kó sì sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe gan-an. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìgbàgbọ́ wa ti wá nìyẹn.

2. *Ṣíṣọ́ ara ẹni.* Fún ọ̀sẹ̀ kan, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: ta ló sọ̀rọ̀ jù nínú kíláàsì? Àwọn ọmọ wo ni kò dáhùn ìbéèrè kankan? Kí ló ṣe fún ọmọ tó dáhùn lódì? Àkọsílẹ̀ yìí ni ìlànà tó ní báyìí, bó bá wù ú bí kò bá wù ú.

3. *Dídáhùn ìbéèrè mẹ́rin.* Kó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin tó wà níbẹ̀rẹ̀ orí yìí, gbólóhùn méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní èdè tó rọrùn fún un jù.

4. *Fífi wé èrò márùn-ún.* Kó wo èrò tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bá tan. Bí kò bá gba èrò kan, kó lè sọ ìdí. Èyí ni yóò fi mọ̀ pé ó ti lóye rẹ̀.

5. *Fífi ìṣe ti ìgbàgbọ́ lẹ́yìn.* Fún gbólóhùn ìgbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan, kó kọ ohun kan tí àlejò tó bá wọ kíláàsì rẹ̀ yóò fi ojú rí. Gbólóhùn tí kò bá rí ìṣe kankan tì í lẹ́yìn, kó pa á rẹ́ tàbí kó lọ bẹ̀rẹ̀ ìṣe náà.

6. *Fífún ẹlòmíràn.* Kó fún ẹlẹgbẹ́ kan ní ìwé náà, kí ẹni yẹn jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ẹ̀kọ́ kan, kó sì sọ ohun tó rí àti ohun tí kò rí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ló wúwo jù. “Mo gbà pé gbogbo ọmọ ló lè mọ̀wé” dára létí, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò bá olùkọ́ jiyàn lé e lórí, kò sì sọ ohun tí yóò ṣe láàárọ̀ ọ̀la. Àpẹẹrẹ tó tẹ̀lé e yìí ni ìlànà kékeré tó ní ìṣe nínú:

“Mo gbà pé àṣìṣe ọmọ ló ń fi ibi tí òye rẹ̀ dé hàn mí. Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣi ìṣirò, mo máa ń ní kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é kí n tó fi bírò pupa kàn án. Mo gbà pé ọmọ gbọ́dọ̀ lóye nǹkan ní èdè ilé rẹ̀ kó tó lè sọ ọ́ ní èdè mìíràn. Nítorí náà, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá jíròrò ẹ̀kọ́ tuntun, lẹ́yìn náà ni a ó jọ wá ọ̀nà tí a ó gbà sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ 60 ló wà ní kíláàsì mi, n kò sì lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kejì tí yóò kọ́kọ́ bi léèrè, mo sì máa ń jókòó ti ìlà kan lójúmọ́ títí mo fi dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.”

Ohun tó ń ba ìlànà jẹ́

Àdàkọ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ìlànà tí wọ́n dà kọ látinú ìwé ẹlòmíràn tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ran olùkọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìṣòro, ìbéèrè kejì tàbí ìkẹta níwájú ìgbìmọ̀ ìgbanisíṣẹ́ ló sì máa ń tú u fó. Ọ̀rọ̀ ńláńlá tẹ̀lé e: kíkó orúkọ Dewey àti Freire jọ láì sí kíláàsì nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kẹta ni ìlérí tí ipò ilé-ìwé kò gbà. Olùkọ́ tí kò ní iná mànàmáná kò gbọdọ̀ gbé ìlànà rẹ̀ ka kọ̀ǹpútà. Kóńgò, ẹ̀pà, bébà àti òkúta wẹ́wẹ́ wà nítòsí.

Ẹ̀kẹrin ni dídákẹ́ lórí ìbáwí. Ibẹ̀ ni àwọn òbí àti ọmọ ti ń rí ìgbàgbọ́ olùkọ́ jù lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Kí ìlànà sọ ohun tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe: bí olùkọ́ yóò ṣe wádìí kó tó dájọ́, ohun tí ọmọ yóò ṣe láti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, àti bí yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ìtìjú ní gbangba kì í kọ́ ọmọ ní ìṣirò.

Ìlànà kì í sì í dúró sójú kan. Ohun tí olùkọ́ ọlọ́dún kan gbà gbọ́ lè yí padà lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ìparí sáà kẹta ni àkókò tó dára láti mú ìwé náà jáde, kí olùkọ́ sàmì sí ohun tó ṣe, kó fagi lé ohun tí kò ṣe, kó sì fi ohun tí àwọn ọmọ kọ́ ọ kún un.

Kí olùkọ́ tó bá ka orí yìí tán má dúró de ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ yóò dilẹ̀. Kó kọ gbólóhùn ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo lónìí, kó fi ìṣe kan tì í lẹ́yìn, kó sì ṣe ìṣe náà ní kíláàsì lọ́la. Ìlànà tí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè jẹ́rìí sí ni ìlànà tòótọ́.